Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ọwọ́ Ìjọba Nínú Òwò, Kí Ẹ sì Gba Ìpín Tó Kàn Yín

Ẹni tó bá ń ná ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Sábó ní Ṣàgámù yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu àwọn tó ti là: kí ìjọba jìnnà sí ọjà. Ẹni tó mọ ọjà á tà á jèrè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, iye tí ọjà bá pè náà ni iye rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ń pe àbá yìí ní laissez-faire. Ó dùn ún gbọ́. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo rẹ̀ jù lọ, ìjọba ló ń tì wọ́n lẹ́yìn. Àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni ká fi ebè náà hàn yín: ta ló kọ ọ́, ta ló wà lórí rẹ̀, àti ìwé tí oníṣòwò kékeré ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ gbọ́dọ̀ mú dání kí òun náà tó lè gùn ún. Àpẹẹrẹ iṣẹ́ gàrí la ó lò jù. Aláṣọ, alágbẹ̀dẹ, olùsìn adìyẹ, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ó gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an

Adam Smith, ọmọ Scotland, ni wọ́n máa ń dárúkọ bí ẹni tó dá àbá yìí sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ní 1776 ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn ìjọba tó ń fún oníṣòwò kan láṣẹ tí wọn ò fún èkejì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà gbóríyìn fún òfin tó ń dí ọkọ̀ òkun ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ ẹrù Bìrìtéènì, ó fẹ́ kí òfin fi gbèdéke sí iye èlé tí wọ́n lè gbà lórí owó, nígbà tó sì di 1778, ó gba iṣẹ́ kọmíṣánnà asọ́bodè.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà òwò mú láàárín etí ọ̀sà àti Ìbàdàn. Oníbodè ń gba owó ibodè, ọmọ ilẹ̀ sì ni alágbàtà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó ní òmìnira òwò ni àwọn ń fẹ́. Ní oṣù kìíní 1892, wọ́n ṣe àdéhùn pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba Èkó sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè tí Ìjẹ̀bú pàdánù. Àdéhùn náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim, ìyẹn ìbọn arọ̀jò-ọta, dé Ìmàgbọ̀n. Òwò tí wọ́n ní kí ọba kankan má dá sí, ìjọba ló fi ìbọn la ọ̀nà fún un.

Ẹ tún wo ayé Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 sí 1959. Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó máa ń ra á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí èyí tí òkè òkun ń san. Nínú owó tó ṣẹ́kù sí bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ni ìjọba ti ń mú fún ìdàgbàsókè agbègbè, tó sì ń yá ilé-iṣẹ́ lówó. Èyí túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó wà nínú àwọn tó ran ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. A ò sọ pé ohun tí ìjọba ṣe burú. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde ṣì wà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìrànlọ́wọ́ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run, àpò ẹnìkan ló ti ń jáde.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti 2009. Nígbà tí àwọn báńkì kan fẹ́ dojú dé, Báńkì Àpapọ̀ da ₦620 bílíọ̀nù sínú báńkì 8. Ẹ̀yáwó ni wọ́n pè é. Ní 2010 wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì. Ẹ wá fi ti 2024 wé e: ìjọba àpapọ̀ ya ₦50 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ₦50,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ènìyàn mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá pín ti 2009 sí ọ̀nà 8, báńkì kan gba ₦77.5 bílíọ̀nù. Báńkì kan ṣoṣo gbà ju mílíọ̀nù kan alátẹ lọ, a ò sì tíì ka bí náírà 2009 ṣe lágbára tó. Báńkì yìí náà ló ń sọ fún ìyá alátẹ pé kí ó lọ mú ohun ìdógò wá.

Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ọwọ́ ìjọba nínú iṣẹ́ yín

Ẹ mú ìwé gbọọrọ kan, ẹ fa ìlà sí i kó di òpó mẹ́rin: irú ìrànlọ́wọ́, ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń san án, àti ọjọ́ tó lè dópin. Òpó kẹta àti ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ láìkọ, àwọn náà ló sì ṣe pàtàkì jù.

Lábẹ́ irú ìrànlọ́wọ́, ẹ má wo owó tí wọ́n ń kà síni lọ́wọ́ nìkan. Òfin tó dí ọjà òkèèrè náà jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Adìyẹ tó dì bíi yìnyín àti sìmẹ́ńtì inú àpò wà lára ohun tí asọ́bodè kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlé. Olùsìn adìyẹ ní Ìlíṣàn ń jẹ àǹfààní ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń ra adìyẹ ló ń san án, nítorí adìyẹ yóò wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń kọ́lé ṣe ń san ti sìmẹ́ńtì. Owó orí tí wọ́n dárí rẹ̀ jini jẹ́ ìrànlọ́wọ́: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ tó bá gba ìwé "pioneer" kì í san owó orí ilé-iṣẹ́ fún ọdún 3, wọ́n sì lè fi ọdún 2 kún un fún un. Ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ dé iwájú ilé-iṣẹ́ kan tí wọn ò tẹ́ dé ti èkejì, ìrànlọ́wọ́ ni. Gbèsè tí ìjọba bá bá oníṣòwò gbé, òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, òun ni wọn kì í sì í pè ní ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yáwó olówó-èlé pọ́ọ́kú ni ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ ṣírò, nítorí òun ló ṣeé ṣe kó kan yín jù. Ètò tí Báńkì Ilé-iṣẹ́, ìyẹn BOI, ṣe ní 2024 yá oníṣòwò kékeré ní owó tó tó ₦1 mílíọ̀nù ní èlé 9% lọ́dún, fún ọdún 3. Bí ẹ bá ń san iye kan náà lóṣooṣù fún oṣù 36, yóò jẹ́ bíi ₦31,800 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,144,800. Ẹ yá ₦1 mílíọ̀nù kan náà ní báńkì oníṣòwò ní 30%, yóò di ₦42,450 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,528,200. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦383,400. Iye tí ìjọba fún yín gan-an nìyẹn; kì í ṣe ₦1 mílíọ̀nù. Ẹ kọ ₦383,400 yẹn sínú òpó àkọ́kọ́, nítorí yóò wúlò nígbà tí ẹ bá ń dán iṣẹ́ yín wò.

Ìṣirò yìí dúró lórí pé èlé ń dínkù bí gbèsè ṣe ń dínkù. Àwọn ayánilówó kan wà tí wọ́n ń ka èlé lórí gbogbo owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti san ìdajì. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè ìwé tó fi ìsanwó oṣù kọ̀ọ̀kan hàn, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ yọ owó tí ẹ yá kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù ni èlé, ẹnu yòówù tí wọ́n ìbáà fi pè é.

Ìwé, àti bí ẹ ó ṣe tò ó

Ìwé ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú, kì í ṣe àìmọ iṣẹ́. Ẹ tò ó báyìí: NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ ilẹ̀), BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì), ìforúkọsílẹ̀ CAC (àjọ tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀), nọ́ńbà owó orí, àkàǹtì báńkì lórúkọ iṣẹ́, lẹ́yìn náà SMEDAN. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gbé NIN àti BVN sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó jẹ́ Olusegun nínú ọ̀kan tó wá di Olusegan nínú èkejì ti tó kí kọ̀ǹpútà lé fọ́ọ̀mù yín padà, láìsọ ìdí. Àwọn obìnrin ni wàhálà yìí ń bá jù: NIN gbé orúkọ bàbá, BVN gbé orúkọ ọkọ, CAC wá gbé méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú àmì kékeré láàárín. Ẹ mú orúkọ kan, ẹ fi gbogbo ìwé yòókù tẹ̀lé e. Ọjọ́ ìbí ló le jù láti tún ṣe, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ má ṣe ìforúkọsílẹ̀ CAC títí èyí yóò fi parí.

Ní CAC, ọ̀nà méjì ló wà fún oníṣòwò kékeré: orúkọ iṣẹ́ lásán, tàbí ilé-iṣẹ́ tí òfin mọ̀ sí ènìyàn ọ̀tọ̀. Láti òfin 2020, ènìyàn kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Owó ìpín (share capital) tó kéré jù tí ilé-iṣẹ́ àdáni gbọ́dọ̀ ní jẹ́ ₦100,000. Orúkọ iṣẹ́ rọrùn, kò sì náni púpọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ gbèsè yín ni, wọ́n lè tọ̀ yín wá sílé. Bí ẹ bá fẹ́ yá owó ńlá tàbí kí ẹ jẹ́ méjì-mẹ́ta, ẹ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ènìyàn 10 ó kéré tán tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ló dára jù, nítorí pé nílẹ̀ yìí tí ajọ àti èésú ti wà lára, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń ṣe onídùúró fún ara wọn.

Ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó. Lọ́dọọdún, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Ti orúkọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá 30 oṣù kẹfà. Ẹni tí kò bá ṣe é, orúkọ rẹ̀ yóò máa gbé "INACTIVE" lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC níbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò kì í pe ènìyàn láti béèrè. Yóò wò ó, yóò kọjá sí ẹlòmíràn.

SMEDAN ló ń fún oníṣòwò kékeré ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ọ̀pọ̀ ètò ìjọba ń béèrè. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, ti ara rẹ̀ ló ń gbà. Bákan náà, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ìjọba tó bá wá láti inú WhatsApp, tó ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́.

Owó gbọ́dọ̀ gba báńkì kọjá

Oníṣòwò tó ń tà dáadáa ní Òkè-Ajé lè má ní ẹ̀rí kankan. Oníbàárà fi owó ránṣẹ́ sí àkàǹtì ọmọ rẹ̀, òun náà gbà á lọ́dọ̀ POS, ó fi ra ọjà, ó fi ìyókù san ajọ. Ní ìrọ̀lẹ́, èrè wà lọ́wọ́, báńkì kò sì mọ nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oṣù 6 ó kéré tán kí ẹ tó fẹ́ yá owó: gbogbo owó ọjà yóò wọ àkàǹtì iṣẹ́, kódà bí ẹ ó bá yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Owó oúnjẹ ilé, ẹ san án fún ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, iye kan náà. Ẹ má ṣe da owó ìnáwó ẹbí, òkú tàbí ìgbéyàwó, gba inú àkàǹtì yìí; owó ńlá tó wọlé lẹ́ẹ̀kan tó sì jáde lẹ́ẹ̀kan máa ń mú kí wọ́n fura pé ẹ ń fi owó àyálò ṣe bí ẹni ní èrè. (Àsìkò Ojúde Ọba ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù, ẹ kúkú mọ̀.)

Iye tí iṣẹ́ gàrí lè gbé

Ẹ̀gẹ́ tútù 1,000 kìlò máa ń fúnni ní gàrí tó tó 200 sí 250 kìlò. Èèpo àti omi ló gbé ìyókù lọ. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ á gbomi, gàrí rẹ̀ á dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gàrí pọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n ilẹ̀ le, híhú rẹ̀ wọ́n. Nítorí náà 200 ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe 250. Tọ́ọ̀nù kan lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, yóò fún yín ní 1,000 kìlò gàrí, ìyẹn àpò oní-50 kìlò 20.

Ohun tó ń pa àwọn tó ń yáwó fún gàrí Ìjẹ̀bú ni ọjọ́ tí owó fi ń sùn sínú àpò. Gàrí wa gbọ́dọ̀ kan. Bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ bá lo ọjọ́ 4 kó tó kan tó, tí yíyan gba ọjọ́ 1, tí títà rẹ̀ títí owó fi wọlé gba ọjọ́ 3, owó ọjọ́ 8 ló wà níta kí náírà àkọ́kọ́ tó padà. Ká ní tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan jẹ́ ₦80,000 (ẹ fi iye àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀), tí ẹ sì ń lọ tọ́ọ̀nù kan lójúmọ́ láìsinmi, ₦640,000 ni ẹ̀gẹ́ nìkan yóò gbé dúró. Ẹni tó yá ₦1 mílíọ̀nù tó fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ àti jáàkì yóò ní ẹ̀rọ tuntun tó dákẹ́. Òun náà yóò wá lọ yá owó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ olówó-èlé ní 5% tàbí 10% lóṣù, ibẹ̀ sì ni gbogbo ₦383,400 tí ìjọba fún un yóò gbà lọ. Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ pín owó náà sí méjì: ti ẹ̀rọ, àti ti ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá ní ti ẹ̀rọ nìkan ni àwọn ń yáni, ẹ ra ẹ̀rọ tó kéré sí i, kí ẹ fi owó ọwọ́ yín ra ẹ̀gẹ́.

Ní ti ẹ̀rọ, BOI sábà máa ń san owó rẹ̀ tààrà fún ẹni tó ń tà á, kì í kó o lé ẹni tó yá a lọ́wọ́. Nítorí náà ìwé iye owó tí ẹ bá gbà lọ́dọ̀ oníṣẹ́-ẹ̀rọ ló di ohun gbogbo mú. Ẹ jẹ́ kó kọ ọjọ́ tí iye yẹn yóò fi dúró sínú rẹ̀, agbára ẹ̀rọ ní kìlò wákàtí kan, bóyá ó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì tàbí iná, ẹni tó ń san owó ọkọ̀ àti ẹni tó ń tò ó. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé fọ́ọ̀mù lo oṣù púpọ̀ lọ́dọ̀ báńkì, irin wọ́n, oníṣẹ́-ẹ̀rọ kọ̀ láti gba iye àtijọ́. Bí ìwé bá ti fẹ́ kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ gba òmíràn, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ohun ìdógò kò dandan kó jẹ́ ilẹ̀. Láti òfin 2017 (Secured Transactions in Movable Assets Act), ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti ọjà inú ilé ìkẹ́rù ṣeé fi ṣe ìdógò, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Ẹ dárúkọ òfin náà fún òṣìṣẹ́ báńkì bó bá ní ilẹ̀ nìkan ni òun mọ̀. Ilẹ̀ ẹbí, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo oṣù tó burú jù lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe oṣù tó dára. Ẹ yọ gbogbo ìnáwó àti owó oúnjẹ ilé. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ṣẹ́kù ni kí ìsanwó oṣù má kọjá. Fún ₦31,800, oṣù tó burú jù gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ₦95,400 kù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ yá ìdajì. Ẹ béèrè àkókò ìsinmi kí ìsanwó tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fúnni bí a kò bá béèrè. Ẹ má sì rò pé ẹ lè gbé owó sá: láti 2020, báńkì tí ẹ jẹ lówó lè fi BVN yọ owó náà nínú àkàǹtì yín ní báńkì mìíràn, pẹ̀lú ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí ní ọjọ́ tí ẹ yáwó.

Owó orí: àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sílẹ̀

Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ọjà tó tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ tó wà títí (bíi ilẹ̀, ilé àti ẹ̀rọ) kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, kì í san owó orí ilé-iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bíi agbẹjọ́rò kò sí lára wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ ara rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n ka owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí.

Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ jókòó sílé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ọdún ránṣẹ́, kódà bó jẹ́ òdo ni ẹ ó kọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ lè san ìtanràn lórí owó orí tí kò jẹ. Ìwé ẹ̀rí owó orí yìí kan náà ni wọ́n máa béèrè bí ẹ bá fẹ́ tajà fún ìjọba.

Ní ti owó ọjà àti owó ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, ẹ máa gba rìsíìtì ìjọba, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ san sí àkàǹtì ara rẹ̀, ẹ ní kó mú nọ́ńbà àkàǹtì ìjọba wá. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọjà sọ ọ́, kó má jẹ́ ẹnìkan.

Bí ìjọba bá jẹ́ oníbàárà

Kí ìjọba ra ọjà yín jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tó dára, nítorí ẹ̀yin náà fún un ní nǹkan. Ewu rẹ̀ ni pípẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 sọ pé owó tó bá kọjá ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ẹ ti mú ìwé owó wá ti pẹ́, ó sì yẹ kó ní èlé bí àdéhùn bá ṣe sọ. Ẹ wò ó bóyá gbólóhùn náà wà nínú ìwé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò bí ẹni pé kò sí: ọjà ₦500,000 tí ẹ fi owó olówó-èlé ṣe ní 5% lóṣù, bí owó bá pẹ́ oṣù 6, ₦150,000 ti lọ. Bó bá jẹ́ ₦100,000 ni ẹ fi lé e bí èrè, ẹ ti san ₦50,000 láti bá ìjọba ṣe òwò.

Ọjọ́ tí ìrànlọ́wọ́ bá dópin

Òpó kẹrin nínú ìwé yín kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́. Ní 29 oṣù karùn-ún 2023, owó ìrànwọ́ orí epo bẹ́ńtírò lọ ní ọjọ́ kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Báńkì Àpapọ̀ ṣí ilẹ̀kùn dọ́là fún ọjà 43 tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí mọ́ láti 2015. Ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọjà òkèèrè kò lè rí dọ́là gbà jí sí ayé mìíràn. Ẹ̀yáwó tí Báńkì Àpapọ̀ ń fún àgbẹ̀ náà dáwọ́ dúró.

Ẹ dán iṣẹ́ yín wò báyìí, lọ́dọọdún. Ẹ mú ìṣirò ọdún tó kọjá, ẹ pa 9% rẹ́, ẹ kọ 30% sí i: ₦42,450 lóṣù dípò ₦31,800. Bí ẹ bá ń sin adìyẹ, ẹ kọ iye adìyẹ bí ẹni pé ìfòfindè ti lọ. Bí iṣẹ́ náà bá ṣì ṣẹ́ nǹkan kù, ó ń rìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ kàn ń mú un yára ni. Bí kò bá ṣẹ́ nǹkan kan kù, ìrànlọ́wọ́ ni èrè yín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ló wà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ní ẹni tí wọ́n lè pè ní Àbújá, ẹ̀yin kò ní. Nítorí náà, ẹ lo ọdún 3 yẹn láti dín ohun tó ń jẹ owó kù: ẹ ní oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tiyín, ẹ wá oníbàárà tó ń san owó lójú ẹsẹ̀, ẹ má ra ẹ̀rọ kejì títí gbèsè àkọ́kọ́ yóò fi tán.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó ìkẹyìn, ẹ má kàn dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì tó sọ pé gbèsè tán, pẹ̀lú ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Ẹ gba ìwé tí onídùúró yín fi sílẹ̀ padà, ẹ fi lé e lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ fi ṣe ìdógò, ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀ Báńkì Àpapọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè. Bó bá ṣì ń sọ pé ẹ jẹ owó, ẹ mú lẹ́tà yẹn padà lọ sí báńkì kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù mìíràn.